Àwọn Mọ́tò Ládòkun Fọ́tò

Ní Ṣakí, ta ni kò mọ Ládòkun Fọ́tò? Ìyàwó tuntun, ọmọ tuntun, ẹni tó ń ti Mẹ́kà bọ̀, gbogbo wọn ló dúró níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú, tí Sodiqat, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sáyé, ṣí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò bá ojú ènìyàn kankan níbẹ̀. Fọ́tò àkúfọ́ mọ́tò tí igbó ti bò ló bá, àti ti àwọn ògbólógbòó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà tí páànù orí wọn ti dógùn-ún, láti Ìrawọ̀ títí dé Kòmu.

Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara. Bàbá tó ń ya ọmọ ọlọ́mọ kò ya tirẹ̀ rí. Ní kékeré, bí ó bá dúró síwájú ẹ̀rọ, bàbá á ní, "Kúrò níbẹ̀, Sodi." Ó ti ń fọkàn sí i pé bóyá bàbá yà á níkọ̀kọ̀, pé inú àpótí yìí lòun á ti rí ara òun. Àṣé àkúfọ́ mọ́tò ló ṣe pàtàkì ju òun lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó lára wọn lọ sẹ́yìnkùlé, kò tilẹ̀ wò wọ́n dáadáa, ó fi wọ́n ran iná omi gbígbóná.

Ìdí iná náà ni Àǹtí Àwáwù, àbúrò bàbá rẹ̀, bá a.

"Sodiqat, ta ló ní kí o sun wọ́n?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Obìnrin náà wá ibi jókòó. "Ẹni tí a ń pa á mọ́ fún ti lọ, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí. Wọ́n bí Mojeed ṣáájú rẹ. Ó ń ti Kòmu bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyá yín, ni mọ́tò bá já kúrò lójú títì, ó lọ rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ìtòsí ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí."

Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Wọn kò fi ibẹ̀ han Ládòkun, wọn kò fi mọ́tò hàn án, wọn kò sọ ṣọ́ọ̀bù ta ni. Wọ́n tilẹ̀ kó gbogbo fọ́tò ọmọ náà dà nù kí ojú rẹ̀ má baà rí wọn. Wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ti Ládòkun kú, ó sì tún nù.

"Awakọ̀ kan ló ṣèèṣì sọ fún un pé aláwọ̀ ewé ni mọ́tò náà," Àǹtí Àwáwù ní. "Láti ìgbà náà ló ti ń wá a kiri. Ìwọ ńkọ́, ẹ̀rù ló ń bà á láti yà ọ́. Mojeed ló yà jù láyé, òun náà ló sì kú."

"Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí, Àǹtí. Èmi àbúrò lè lọ."

"Àwọn tó sin ín ti kú tán."

Sodiqat padà sídìí àpótí, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa wà níbẹ̀, funfun wà, èyí tí kò láwọ̀ mọ́ pọ̀. Kò rí aláwọ̀ ewé kankan. Ìgbà náà ló rántí èyí tó kọ́kọ́ ki bọ iná: mọ́tò aláwọ̀ ewé kan, orí rẹ̀ wà nínú ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá rẹ̀ ti rí i kó tó kú. Òun sì ti sun ún.