Nọ́ọ̀sì Tó Béèrè Èènì Oògùn

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ni gbogbo ẹni tó mọ Ọlánípẹ̀kun kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní Yábàá ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1991, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ ilé-ìwé. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ ló kún ibẹ̀. Wọ́n wá ṣe rìfrẹ́ṣà, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń pọ́n ọgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni pọ́n àdá. Olùkọ́ wọn, Dókítà Àrínọlá, ní kí wọ́n ṣe eré kan: kí ẹnì kan ṣe aláìsàn tó kọ oògùn, kí ẹnìkejì ṣe nọ́ọ̀sì tó máa rọ̀ ọ́. Ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣe oògùn, torí ẹ̀pà kò wọ́n, bí eré bá sì parí, kò ní ṣòfò.

Ọlánípẹ̀kun ló ṣe aláìsàn. Ethel, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ló ṣe nọ́ọ̀sì. Ethel kó ẹ̀pà méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ lo oògùn wọn. Ọlánípẹ̀kun wo ẹ̀pà náà bí ẹni ń wo ẹja àná. Ó ní méjì ti pọ̀ jù, kí ó mú ọ̀kan wá. Ethel ní kò ṣeé dín. Ọlánípẹ̀kun ní ọ̀kan ni wọ́n fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ojú òun báyìí ló ṣe. Ethel ní àìsàn tiwọn yàtọ̀. Ni bàbá bá dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Ethel sì pè é. Ó padà, ó kẹ́dùn, ó gbà pé òun á lo méjèèjì. Ó na ọwọ́, ó gbà á, ṣùgbọ́n kò pa ọwọ́ dé.

"Èènì mi ńkọ́?"

Ethel kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọlọ́jà ni. Ó mú ẹ̀pà kan sí i. "Ẹ gbà, sà. Ẹ tún padà wá o."

Dókítà Àrínọlá yọ awò ojú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì Ethel," ó ní, "ẹ ti fún un ní àlòjù. Kò lè padà wá mọ́."

Ẹ̀rín pa gbogbo gbọ̀ngàn. Ọlánípẹ̀kun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó tàwọn yòókù. Àjọ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ ti ṣe òfin tuntun: ẹni tí kò bá yege nínú rìfrẹ́ṣà, wọn ò ní tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe. Mátírọ́ọ̀nù ilé-ìwòsàn rẹ̀ sì ti là á fún un kí ó tó kúrò nílé: kò síwèé, kò sí wọ́ọ̀dù. Inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n máa fi í sí, kí ó máa ṣọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Fún ọkùnrin tó jẹ́ pé àárín àwọn aláìsàn ló ti hu irun funfun, ìyẹn kì í ṣe àwàdà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ọlánípẹ̀kun. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn tó ń ta aṣọ àwìn káàkiri ìlú, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó á fi jáde. Ọlánípẹ̀kun kò ta aṣọ rí láyé rẹ̀. Ìlóṣòó yẹn nìkan ló jogún.

Kò sí ohun tí kì í ná. Orí rẹ̀ ti pá látàárín títí dé iwájú, ìwọ̀nba irun tó kù kò ju òṣùká lọ. Síbẹ̀, nígbàkígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ rẹ̀ ní Mùṣín, ó máa ń ní kí wọ́n gba ìdajì lọ́wọ́ òun, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìdajì orí ni òun gbé wá. Onígbàjámọ̀ fara dà á títí. Lọ́jọ́ kan ó dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ti gígé kọ́ ni mò ń gbowó lé. Ti wíwá ni."

Àmọ́ inú wọ́ọ̀dù ni ìnájà rẹ̀ ti wúlò jù. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbà pé ọba lòun, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi kan òun, torí pé mẹ̀kúnnù kì í wẹ ọba. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ fipá wẹ̀ ẹ́. Ọlánípẹ̀kun ní kí wọ́n fi Kábíyèsí sílẹ̀ fóun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ìlú ń tọrọ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Ọba rò ó, ó yọ̀ǹda ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì ìlú tún ní ẹsẹ̀ òsì ń jowú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, Kábíyèsí ti mọ́ láti òkè délẹ̀, ó sì ń bínú pé ìlú kò béèrè fún nǹkan kan mọ́.

Ohun tí Dókítà Àrínọlá wá kọ́ wọn ní Yábàá kò ta kókó lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n kì í fúnni ní máàkì tí èèyàn kò bá ṣiṣẹ́ fún. Ó ní "a dúpẹ́" ló ń da iṣẹ́ àwọn rú. Nọ́ọ̀sì á béèrè bóyá ara le, aláìsàn á ní a dúpẹ́, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, á sì kọjá lọ. Ó ní Yorùbá tí ilé ń jó lórí rẹ̀ á ṣì sọ pé òun dúpẹ́. Ìkíni ni, kì í ṣe èsì. Kí wọ́n kí èèyàn tán, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ọlánípẹ̀kun takò ó. Ó ní èèyàn kì í ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, pé ẹni tó bá ní òun dúpẹ́, kí a bá a dúpẹ́. Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ banújẹ́ sí.

Nígbà tí wọ́n dán an wò lọ́jọ́ kẹta, ó kí Ethel tó ṣe aláìsàn bí ẹni ń kí ọlọ́mọ tuntun. Ó kí i kú ìjókòó, ó kí i kú ooru, ó kí i kú àìrójú, ó kí i kú ilé tí a kò sí. Ethel ní a dúpẹ́. Ọlánípẹ̀kun bá dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó ní ara aláìsàn ti yá.

"Ẹ kí i dáadáa, sà," Dókítà Àrínọlá sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi í ní nǹkan kan." Ó fi òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó ní kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ ìparí, níwájú aṣojú àjọ.

Ó gbé ìbínú délé ní Ṣúrúlérè. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Tejúoṣó, jẹ́ kí ó rojọ́ tán. Ó wá bi í pé ìgbà wo ló ti ń ra ọjà ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bó ṣe wọ gbọ̀ngàn, kò tíì jókòó tó ti na ọwọ́ sókè. "Dókítà, mo ti mọ ohun tí ẹ ń sọ. 'A dúpẹ́' ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹni bá san án, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ." Dókítà Àrínọlá yíjú sí pátákó, ó kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń sọ fún ara wọn ní wọ́ọ̀dù pé, "Ṣé o ti ná an?" Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ọjọ́ ìparí dé. Aṣojú àjọ jókòó síwájú, ọkùnrin tó wọ kóòtù nínú ooru, agogo kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ka òfin fún wọn: bí agogo bá ti dún, kí nọ́ọ̀sì dákẹ́, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó rí, ẹni tó bá jáde kí ó tó ṣàlàyé, ó ti kùnà. Wọ́n mú Gbádé fún Ọlánípẹ̀kun pé kí ó ṣe aláìsàn tí kò rí oorun sùn. Nọ́ọ̀sì ni Gbádé náà, láti ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Mùṣín, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn látọjọ́ Ajé.

Ọlánípẹ̀kun kí i, ṣókí. Ó béèrè bóyá ara le. Gbádé ní a dúpẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná.

"Mo gbọ́," Ọlánípẹ̀kun ní. "Ta ló wà nílé tó ń bá yín dúpẹ́?"

Ọlánípẹ̀kun kò kán an lójú. Ó lóṣòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, Gbádé sọ pé kò sẹ́nìkan. Ó ní wọ́n sin ọmọbìnrin òun ní oṣù tó kọjá, ìyá ọmọ náà sì ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa jí láràárọ̀, òun sì ti ń ro bí òun kò ṣe ní jí mọ́. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ohùn tó fi ń kí èèyàn náà ló fi sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti mọ̀ pé eré ti tán.

Agogo dún. Aṣojú ní àkókò ti tó, kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. Ọlánípẹ̀kun ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ fún àwọn láyè díẹ̀. Aṣojú ní òfin kò gba ìdúnàádúrà. Ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ẹni tó bá mọ Ọlánípẹ̀kun pé kò ná an rárá. Ó kàn dìde, ó di Gbádé lọ́wọ́ mú, ó ní, "Àbúrò, jẹ́ ká lọ gba afẹ́fẹ́." Wọ́n jáde. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lọ́gbà ni wọ́n jókòó sí, kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n Gbádé fi dé, tí àwọn méjèèjì sì mú un lọ sílé-ìwòsàn.

Dókítà Àrínọlá bá aṣojú fa ọ̀rọ̀ náà títí ohùn tí kì í ròkè fi ròkè. Kò mú nǹkan kan jáde. Aṣojú ní òun kò rí àlàyé, ẹni tí kò ṣàlàyé kò yege. Bí Ọlánípẹ̀kun ṣe dèrò sítọ́ọ̀ nìyẹn fún odindi ọdún kan.

Ọdún yẹn ni àwọn wọ́ọ̀dù mọ ohun tí ìyà ń jẹ́. Ẹni tó bá wá gba bùláńkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, Ọlánípẹ̀kun á bi í pé ṣé àwọn aláìsàn kò lè fara mọ́ra ni. Ẹni tó bá wá gba ọṣẹ á kọ́kọ́ fi èyí tó kù hàn án. Akọ̀wé àgbà tó máa ń pariwo ìnáwó sọ pé látìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ìwòsàn náà sílẹ̀, ọdún yẹn nìkan ni ọṣẹ ṣẹ́ kù títí ọdún fi parí. Àwọn aláìsàn máa ń wá kí i lójú fèrèsé sítọ́ọ̀. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó wo àárín àpò ọṣẹ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi olóyè òun sí yìí dára ju ààfin òun lọ.

Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tó fi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, á ní òun féèlì ìdánwò ni, irọ́ kọ́ sì ni. Nígbà tí ara Gbádé yá, ó wá a lọ, ó bá a láàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, nítorí mi ni?"

"Nítorí agogo ni," Ọlánípẹ̀kun dá a lóhùn. "Jókòó. Ṣé o sùn lánàá? Má sọ fún mi pé o dúpẹ́."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún rìfrẹ́ṣà ṣe, ó yege, wọ́n dá a padà sí wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kú ní 1998, nílé rẹ̀, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ará ibi iṣẹ́ jókòó sínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ṣúrúlérè, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò tó wá bá wọn kẹ́dùn ń wo ara wọn lójú. Àrìnpé fi gèlè nu ojú, ẹ̀rín lòun náà ń rín. Nígbà tó kan Gbádé, ó dìde. Irun tiẹ̀ náà ti ń funfun.

"Ọdún kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn," ó ní, "èmi ni mò ń lò ó. Mo ṣì ń lò ó."

Àrìnpé sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Máa lò ó, ọmọ mi," ó ní. "Wá jókòó."