Ẹ̀rọ Ìránṣọ Kò Ní Àìsàn

Ẹ̀rọ ni Ìyá Aránṣọ kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún tipẹ́, ìrora náà a máa gba itan sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ìrora náà lọ lójijì, ó dúpẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ pẹ́dà tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wúwo. Ó rọ epo sí i, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, pàbó ló já sí. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń ráhùn pé sálúbàtà ìyàwó òun ń wọ́ nílẹ̀ káàkiri ilé.

"Ṣé ẹsẹ̀ gbígbé náà ti di iṣẹ́ ni?"

Ìyá Aránṣọ tẹjú mọ́ iṣẹ́. Ta ló ráyè ẹsẹ̀, nígbà tí aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀?

Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọkùnrin náà jókòó, ó tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ ń sáré geere.

"Màmá, ẹ̀rọ yín ò ní àìsàn o. Ẹ gbé ìka ẹsẹ̀ yín sókè kí n rí i."

Ìka ẹsẹ̀ ò gbéra.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ, tó lọ tẹ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀.

"Ìrora tó lọ yẹn kì í ṣe ìwòsàn, Màmá. Iṣan yẹn ló ń kú lọ."

Iṣẹ́ abẹ á gbé ẹrù kúrò lórí iṣan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù láti ṣèlérí pé ẹsẹ̀ á jí. Ó dun Ìyá Aránṣọ wọra. Irin ló ń tọ́jú ní gbogbo àsìkò yẹn!

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú ọgbẹ́ jiná. Ó ń na ẹsẹ̀, ó ń ká a bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, títí ó fi sú u. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìkan ló ń mira.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Sún ẹsẹ̀ yẹn. Kí ni mo fi ọjọ́ ayé mi tẹ̀ bí kò ṣe pẹ́dà?"

Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ fò, òwú já.

"Bàbá, ẹ rọra! Ẹ ò gbé èrò!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó ń darí aṣọ, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Látìgbà tó ti kọ́ṣẹ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni rí kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó dúró.

"Ẹ dúró," ó bẹ ọkọ rẹ̀.

Kí ọkọ rẹ̀ tó dúró, abẹ́rẹ́ ti kọjá ìlà tí ìyàwó rẹ̀ fà sára aṣọ.