Bí Rìnsọ́lá Ṣe Mú Màmá Dámi Mọ Ìgboro New York

Rìnsọ́lá Ọdúnúga, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà lóṣù tó kọjá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Laurelton, àdúgbò tó ń gbé ní New York, rò pé yóò wá sinmi dáadáa. Kò sinmi. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́ ló wá gba gbogbo àkókò rẹ̀: òun ló ń mú àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé rìn káàkiri New York, tó ń fi ibi oúnjẹ àti ibi ọjà hàn wọ́n, tó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láìsọnù.

Ó ní ìlànà tirẹ̀. Ilé gogoro ni yóò kọ́kọ́ mú àlejò lọ, lẹ́yìn náà afárá Brooklyn, kí wọ́n tó wá kan àwọn ilé ìtajà ńlá Manhattan, níbi tí owó báàgì kan ti lè ra mọ́tò. Gbogbo ẹni tó bá mú lọ ló ń ya fọ́tò títí fóònù yóò fi kú. Nítorí náà, nígbà tí Dámi, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ wà ní ìjọ Áńgílíkà, fi ẹkún pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkàn Rìnsọ́lá balẹ̀.

"Àǹtí, màámi ní àwọn fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní kí n bá àwọn yí tíkẹ́ẹ̀tì padà."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ jà ni?"

"A ò jà o. Wọ́n ní ilé mi dà bí ẹ̀wọ̀n tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìsinmi ìbímọ tí wọ́n fún mi lẹ́nu iṣẹ́ sì ti fẹ́ parí. Tí wọ́n bá lọ, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, torí mi ò lè gbé ọmọ oṣù mẹ́ta fún ẹni tí mi ò mọ̀."

"Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Ẹni tí mo bá mú rìn kì í fẹ́ lọ mọ́."

Màmá Dámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà, kì í sì í ṣe ẹni tí nǹkan ń tètè yà lẹ́nu. Ó gbójú sókè wo ilé gogoro, ó ní, "Ó ga." Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, ó ní, "Ó gùn." Nínú ilé ìtajà ńlá, ó fọwọ́ ra gèlè kan wò, ó béèrè iye rẹ̀, ó sì dá ìlàjì owó náà. Rìnsọ́lá sáré fà á lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ná ọjà níbí."

"Wọn kì í ná an kẹ̀? Ṣé ìjọba ló ń tà á ni?"

Nígbà tí wọ́n jókòó láti jẹun, Màmá fọ́ búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, kò sì fi sẹ́nu.

"Rìnsọ́lá, o ṣeun. Ọlọ́run á san án fún ọ. Àmọ́ láti àárọ̀ tí a ti jáde, ta ló kí wa? Mo kí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì dìde. Bá mi sọ fún Dámi kó yí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà."

 Lójú ọ̀nà ilé ló tó yé Rìnsọ́lá pé ìlú ni òun ti ń fi han àlejò látọjọ́ yìí. Kò sí àlejò kan tí òun fi han ìlú rí. Ó bẹ Màmá pé kó fún òun ní ọjọ́ kan péré sí i.

Flatbush, ní Brooklyn, ni wọ́n lọ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wọ ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn ará erékùṣù Caribbean ń wà níbẹ̀. Bí Màmá ṣe ń gun orí ọkọ̀, ó kí wọn káàárọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti máa ń ṣe, kò sì retí nǹkan kan. Gbogbo ọkọ̀ ló dáhùn. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí ará ilé. Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa.

Wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù Juana, obìnrin Puerto Rico kan tó ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata. Màmá ná ọ̀gẹ̀dẹ̀, Juana kò gbà. Màmá san iye tó pè, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó la ẹnu àpò rẹ̀ sílẹ̀. Rìnsọ́lá sún mọ́ ọn, torí ó mọ ohun tí Màmá ń dúró gbà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọn ò mọ ènì níbí."

"Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n mọ́. Dúró jẹ́ẹ́."

Juana wo àpò, ó wo ojú Màmá, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó bu ata ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àpò náà, ó ní ìyá ìyá òun náà kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìgba nǹkan lé ọjà.

Rìnsọ́lá túmọ̀ rẹ̀. Màmá yẹ inú àpò wò.

"Sọ fún un pé ata yẹn ò pọ̀."

Juana fọwọ́ lé ìbàdí. "Sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni iṣu tuntun ń dé. Kó wá bá mi jà nígbà yẹn."

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dámi pè. "Àǹtí, kí lẹ fún màámi jẹ? Wọ́n ní àwọn ti ní kọ́sítọ́mà ní Flatbush."

"Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ẹ̀yìn Kérésìmesì."

Láti ìgbà náà, Flatbush ni Rìnsọ́lá ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ. Ilé gogoro di ìkẹyìn, bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé wọn débẹ̀.

Dámi yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rìnsọ́lá yóò mú Màmá àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sí University Heights, ní Bronx, níbi tí ará Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Muhideen yóò ti ṣí ilé oúnjẹ tuntun lọ́sàn-án. Wọ́n ní ìkọ́kọrẹ́ ni yóò sè. Màmá ní òun yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí òun tó jókòó.