Igi Róòsì tí Onígbàjámọ̀ Fá

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2023, katapílà hú igi róòsì kan níwájú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà. Mo rí ìwé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Ìyá tó bí aránṣọ kan ló gbin igi ọ̀hún kó tó kú, kò sì sí irú rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni aránṣọ yìí ti ń ránṣọ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Aṣọ ló gba ìdajì tábìlì rẹ̀, ike àti iyanrìn ló gba ìyókù. Ó máa ń fi ẹ̀ka gbin òdòdó níbẹ̀, kò sì ra oògùn tó ń mú ẹ̀ka ta gbòǹgbò rí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, onígbàjámọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó bá òun gé ẹ̀ka méjìlá wá lára igi náà. Iṣẹ́ àtijọ́ kì í kúrò lọ́wọ́: bàbá náà fá ẹ̀gún àti ewé kúrò pátá, ó gé tòkè tìsàlẹ̀ lọ́gbọọgba.

“Bọ̀ọ̀dá mi, igi ni mo ní kẹ́ ẹ gé, ẹ lọ bá mi fá a lórí!”

“Ṣé ó burú? Wò ó bó ṣe mọ́!”

“Èwo wá ni orí, èwo ni ìdí? Tí mo bá dorí ẹ̀ kodò, ó ti kú nìyẹn. Ọ̀tunla ni wọ́n máa hú ìyá ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n aránṣọ kò ṣe ojo. Ó fi èékánná wá àpá ibi tí ewé ti já. “Òkè àpá ni ọ̀mùnú ti ń yọ,” ló wí, ó sì gé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó kó má baà ṣì í mọ́. Ó la ewé etí erin, tí wọ́n ń pè ní aloe vera, ó ha oje rẹ̀ tó ń yọ̀ sínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdí àwọn ẹ̀ka bọ̀ ọ́, ó sì ń gún wọn sínú iyanrìn tútù nínú àwọn ike omi tó gé láàbọ̀.

Mo ní kí ló mú kó dá a lójú pé oje ló ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gún mẹ́ta tó kù sínú iyanrìn tiwọn láìfi oje kàn wọ́n. “Oníròyìn, ìwọ náà á ka èyí tó bá ta gbòǹgbò.”

Mo kà á lọ́jọ́ kejìlélógójì. Mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án tó kan oje ló ta gbòǹgbò funfun. Nínú mẹ́ta yòókù, ọ̀kan péré: mẹ́sàn-án lápapọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀ka méjìlá kéré láti fi jẹ́rìí oje.

“Lọ gbin ọgọ́rùn-ún tìẹ,” ni èsì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí fèrèsé, ó ń wo àwọn ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àbúrò, nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yìí, èwo gan-an ni ti Màmá?”

“Gbogbo wọn ni, Bọ̀ọ̀dá mi; ara igi Màmá lẹ ti gé gbogbo wọn.”