Tábà Tí Ààfáà Ń Bèèrè

Nígbà tí Bàbá Akínpẹ̀lú fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Minna lọ́dún 1997, ọ̀gá rẹ̀ fi agolo mẹ́fà tábà òyìnbó ta á lọ́rẹ. Bàbá ki díẹ̀ sínú ìkòkò tábà rẹ̀, ó mu ún. Ó ń ta sánsán bí ọṣẹ ìwẹ̀, kò sì bá a lára mu rárá. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Ààfáà Àbdùlgàfárù, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní àdúgbò Fadikpe, wá tọrọ agolo kan. Ààfáà kì í mu tábà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá, ẹ ṣáà fún mi."

Bàbá fún un, ṣùgbọ́n ara fu ú. Nígbà tí Ààfáà tún wá gba méjì lọ́sẹ̀ kejì, ó dá Bàbá lójú pé ṣe ló ń mu ún ní kọ̀rọ̀, tàbí kó máa tà á lọ́jà Tunga. Ó tẹ̀ lé e dé ilé.

Ó bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí nídìí àpótí, tó ń fi àpò aṣọ kéékèèké tó kún fún tábà sáàárín ìwé àfọwọ́kọ bàbá rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ etí àwọn ìwé náà, òórùn tábà ló sì fẹ́ fi lé wọn.

"Wallahi, ojú ló ń tì mí," ni Ààfáà wí. "Ta ni yóò rí ààfáà pẹ̀lú tábà tí kò ní sọ̀rọ̀?"

Ojú ti Bàbá náà. Ó padà lọ kó agolo mẹ́ta tó kù wá, àwọn méjèèjì sì jọ ń rán àpò títí àkókò kéwú ìrọ̀lẹ́ Ààfáà fi tó.