Ojú Dúdú ni Kọ̀ǹpútà Yàrá Káàdì Fi Ń Jí

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2025, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn wa. Mo kà wọ́n fúnra mi. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọlé kò ní gbà, torí ojú gbogbo wọn dúdú kirikiri, àfi lẹ́tà funfun díẹ̀ lókè. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Káàdì, ti lẹ ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Mo wà láàyè. Ẹ má yọ wáyà mi.”

Agbálẹ̀ kan ló jẹ́ kó kọ ọ́. Ó rò pé ọ̀kan ti kú, ó yọ wáyà rẹ̀, àkọsílẹ̀ aláìsàn mọ́kànlá sì bá a lọ.

Ọ̀gá àgbà tuntun wá pàṣẹ pé kí Linux, ètò tó ń darí wọn, máa gbé ojú ìwọlé aláwòrán jáde fúnra rẹ̀ ní gbàrà tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Káàdì á lọ máa to fáìlì nísàlẹ̀ ilé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò burú.

“Àwòrán yẹn á pa wá,” ni Ìyá Káàdì wí.

Mi ò gbà, mo ní kó fi hàn mí. Èyí tó fi ojú dúdú jí ṣetán láàárín ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Aláwòrán gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lórí aago ọwọ́ mi. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Iná sì ń lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tí wọ́n á tún kọ̀ǹpútà tàn, bẹ́ẹ̀ dókítà kì í rí ẹni tí kò ní káàdì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá dé.

“Ìyá, ẹ ti ṣe é?”

“Mo ti ṣe ọ̀kan, sà. Ẹ jókòó wò ó.”

Orí bẹ́ǹṣì aláìsàn ló fi ọ̀gá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tó di apá rẹ̀ tó wú mú. Ó tan kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá.

“Ṣé kò ti bàjẹ́ báyìí?”

“Kò bàjẹ́ o. Ó ń kun àtíkè ni.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, àfi bàbá alápá. Nígbà tó yá, àwòrán náà yọ, ó rẹwà lóòótọ́. Ìyá Káàdì tẹ àṣẹ kan, ó dá a padà sí ojú dúdú níṣojú ọ̀gá.

“Ẹ lè gbé mi lọ sísàlẹ̀ lónìí, sà. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó síbí, tí á máa sọ fún bàbá yìí pé kó fara dà á, kọ̀ǹpútà ò tíì kun àtíkè tán?”