Bí Gúnrégé Ṣe Ta Ilé Rẹ̀

Bíríkìlà ni. Gúnrégé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń pè é, nítorí ògiri tó bá mọ kì í wọ́ sápá òsì, kì í sì í tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé, kó di ojú kan, kó sì sọ pé ẹni tó mọ ògiri yìí ti mu ọtí kó tó gun àkàbà. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, onílé á fajú ro. Ojú yẹn ló fi jẹun fún ọdún gbọọrọ, títí ojú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dalẹ̀ rẹ̀.

Kò kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣàkíyèsí pé nǹkan ń ti ẹ̀gbẹ́ yọ sí òun lójijì: kẹ̀kẹ́, ọmọdé, etí tábìlì. Ọjọ́ tó tẹ ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí omi tíì tó hó lórí iná, lobìnrin náà fà á lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ojú, obìnrin kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fi iná wo inú ẹyinjú rẹ̀ títí. Ó ní omi inú ojú ló ń tẹ iṣan ìríran pa, àti pé ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, àárín ló ń bọ̀.

"Bàbá, èyí tó ti lọ ti lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n tá a bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tó kù ò ní lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Owó iṣẹ́ abẹ náà kò sí nílé, kò sí lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tí Gúnrégé ní tó tó bẹ́ẹ̀ ni ilé tó ń gbé, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ láti ìpìlẹ̀, láwọn ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ níta. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí yàrá ìdáná, wọ́n ń wo ara wọn. Ojú lọba ara. Wọ́n á ta ilé, wọ́n á fi tọ́jú ojú, wọ́n á lọ háyà yàrá. Kò sẹ́ni tó sunkún nínú wọn lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀ ló mú alágbàtà àkọ́kọ́ wá. Obìnrin àgbà kan ni, tó máa ń so ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rín kì í yá a. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó tì í. Ó ṣí fèrèsé, ó pa á dé. Ó fi ìka kan ògiri yàrá ìdáná. Lẹ́yìn náà ló jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì dúró wo ilẹ̀.

"Nígbà òjò ńkọ́?" ló béèrè.

"Omi máa ń dúró sẹ́yìnkùlé," ìyàwó dáhùn kí ọkọ rẹ̀ tó lanu. "Ṣùgbọ́n kì í wọlé."

"Ó dáa. Ohun tí mo máa sọ fẹ́ni tó bá fẹ́ rà á nìyẹn, kó tó bi mí. Mi ò ní gbé pátákó síta, mi ò sì ní pariwo. Mo mọ àwọn tó ń wá irú ilé yìí, màá máa mú wọn wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni o. Tí mi ò bá tíì tà á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó wá dárúkọ iye tó rò pé ilé náà máa pa. Gúnrégé fi ọwọ́ lu ògiri.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ iye sìmẹ́ńtì tó wà nínú ògiri yìí?"

"Bàbá, ẹni tó ń ra ilé ò ra sìmẹ́ńtì. Ibi tó máa sùn ló ń rà."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, òótọ́ sì máa ń korò. Létí Gúnrégé, ó dà bí ẹni pé obìnrin náà gbé ọwọ́ òun méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ó sì ní wọn ò tẹ̀wọ̀n. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan nítorí ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun gbà.

Kò pẹ́ tí àbúrò ọkọ ọmọ wọn obìnrin gbọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí kì í bọ́ táì lọ́rùn ni, bí oòrùn ń ràn bí kò ràn. Onítáì ni Gúnrégé ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dìde, ó ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fẹ́ rẹ́ Bàbá jẹ ni.

"Irú ilé báyìí! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta ilé báyìí. Àwọn olówó tó wà lókè òkun ló máa du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́."

Iye tó pè, Gúnrégé ní kó tún un pè. Bẹ́ẹ̀ ni Onítáì gun orí àga, ó fi fóònù ya pálọ̀, pálọ̀ sì fẹ̀ lójú fọ́tò bíi pápá bọ́ọ̀lù. Gúnrégé gbé fóònù náà súnmọ́ imú, ó wò ó títí.

"Ilé ta nìyí?" ló béèrè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó dùn kẹ́yìn nínú ilé yẹn nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fún Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nìkan," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí àlejò lọ tán. "Ìyá yẹn mọ ohun tó ń ṣe."

"Àna wa ńkọ́? Ṣé kí n lé àbúrò ọkọ ọmọ mi dànù? Kí ni wọ́n máa fi ojú ọmọ wa rí nílé ọkọ?"

Ìyàwó kó ife àlejò nílẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ojú ọmọ òun rí màbo?

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán tí Kò-séwu náà fi dé. Ẹni tó máa ń po sìmẹ́ńtì fún Gúnrégé láyé àtijọ́ ni, tó ti di alágbàtà nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún. Ohunkóhun tó o bá sọ fún un, "kò séwu" ni èsì rẹ̀; ìgbà tí ògiri wó lé e lẹ́sẹ̀ pàápàá, ohun tó sọ nìyẹn.

"Ọ̀gá mi, ẹ fẹ́ ta ilé, ẹ ò pè mí! Ilé tí mo fi èjìká mi ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀! Ṣé mo ti kú ni?"

Ojú ti Gúnrégé. Ó fún òun náà ní kọ́kọ́rọ́. Ó sì fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé bí ẹni púpọ̀ bá ń ta nǹkan, ó yẹ kó yá ju ti ẹnì kan lọ. Nídìí iṣẹ́ bíríkìlà, ọwọ́ púpọ̀ ló ń jẹ́ kí òrùlé tètè bo ilé. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìṣe, bíríkìlà ló sì lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kíkọ́ ilé yàtọ̀ sí títà á.

Ká tó ṣẹ́jú, Onítáì ti ri pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, Kò-séwu sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ilé yìí wà fún títà. Ara ògiri tí Gúnrégé rẹ́ tó ń dán ni o! Ó dúró síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń kọjá. Ó wo pátákó, ó wo ọ̀dà, ó tú kọ́kọ́rọ́ wọn kúrò nínú ìdì tirẹ̀, ó fi lé ìyàwó lọ́wọ́.

"Mi ò bínú o," ló wí. "Ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo wa bá jọ ń tà, kò sẹ́ni tó ń tà á."

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Àwọn àgbà kàn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí alágbàtà bá di méjì. Onítáì fi èrè tirẹ̀ lé e, Kò-séwu fi tirẹ̀ lé e, ilé kan ṣoṣo wá ní iye orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún ní iye ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá rí méjèèjì á máa ronú pé àwọn onílé yìí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tàbí pé ilé náà ní ohun tó ń ṣe é.

Síbẹ̀, tọkọtaya kan wá, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Wọn ò dà bí àwọn tó wá wo ilé láti fi najú. Obìnrin náà fi ọwọ́ ra ojú fèrèsé, ó dúró ní yàrá kékeré, ó ní ibẹ̀ ni ọmọ máa sùn. Ọkọ rẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́ ilé náà.

"Èmi ni," Gúnrégé dáhùn.

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ iye ni Kò-séwu yọ ní ẹnu ọ̀nà, tí Onítáì sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Oníbàárà mi nìyí!" Onítáì kígbe. "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rí fọ́tò!"

"Fọ́tò wo? Ọ̀rọ̀ ara ògiri mi ni wọ́n kà wọlé!"

Kò-séwu di Onítáì mú ní táì, Onítáì di òun náà mú lọ́rùn ẹ̀wù. Gúnrégé dúró sáàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó kọjú sí ọ̀tún, ó kọjú sí òsì, kò sì rí ìgbà tí tọkọtaya náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló rí wọn. Ó sáré tẹ̀ lé wọn dé òpópónà. Olùkọ́ obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ilé yẹn wù mí, Mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wá. A ò mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Wọn ò padà wá. Òjò bẹ̀rẹ̀, omi dúró sẹ́yìnkùlé, ẹni tó bá sì wá wo ilé á rí omi náà kó tó rí ògiri. Onítáì ní kí wọ́n má mú èèyàn dé ẹ̀yìn. Kò-séwu ní kò séwu. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ti Gúnrégé sì kọjá òwe, nítorí lóòótọ́ ni ojú rẹ̀ ń lọ.

Ó ń lọ, Gúnrégé kò sì sọ. Inú ilé kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún un. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ibẹ̀: hóró iyanrìn tó ṣẹ́kù nínú ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, etí ògiri tó fi ọwọ́ pa kó má bàa gé àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìrìn, àkàsọ̀ ẹ̀yìn tó ga ju ti iwájú lọ díẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bu omi, ó ń ti ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ sì rò pé ojú ṣì kù dáadáa. Òun náà ń tan ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó da tíì gbígbóná sórí tábìlì, tí kọ́ọ̀bù sì wà lódìkejì, ni obìnrin náà mọ̀. Ó bú sẹ́kún. Kò tiẹ̀ bá a jà. Ìbá sàn kó bá a jà.

Wọ́n jọ lọ bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà kò sọ pé ṣebí mo sọ fún yín. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́.

"Gbogbo àwọn tí ǹ bá mú wá ti rí i," ló wí. "Wọ́n ti rí i, wọ́n ti kọjá rẹ̀. Ó yẹ ká gbé e kúrò lójú ayé fún ìgbà díẹ̀, ká pa ọ̀dà yẹn rẹ́, ká tún bẹ̀rẹ̀."

"A ò lè dúró," ìyàwó dáhùn.

"Mo mọ̀. Ẹnì kan wà, ìkẹ́rùsí ló fẹ́ fi ṣe. Iye tó máa san ò tó èyí tí mo sọ lọ́jọ́ kìíní. Ó sì máa wó ògiri inú."

Gúnrégé kò béèrè ògiri tó máa wó. Ó ní kí wọ́n tà á.

Wọ́n kó ẹrù, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ra ilé lọ́wọ́, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà kékeré náà tan iná sójú ọ̀tún, ó tan án sójú òsì. Ó tún padà sí ọ̀tún. Ó pẹ́ kó tó pa iná náà.

"Bàbá," ló wí, "èyí tó kù ni iṣẹ́ abẹ máa ń dáàbò bò. Kò sí èyí tó kù mọ́."

"Ṣé ẹ ò lè tún un wò?" ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "A ti ta ilé, Dókítà. A ti tà á."

Dókítà tún un wò, nítorí àánú ni. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Yàrá tí wọ́n háyà wà nínú ilé tí èrò pọ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó jáde lọ pọn omi, Gúnrégé sì dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bá a. Ó na ọwọ́ síbi tó yẹ kí ògiri wà, òfúrufú ló bá. Ó sún síwájú, ó bá ògiri níbi tí kò yẹ kó wà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó fà á wálẹ̀, ó fà á gòkè.

"Ògiri yìí wọ́," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ó tọ ògiri náà lọ, ó kan àpótí. Ó yí padà, ó kan bẹ́ẹ̀dì. Ó tún yí, kò sì mọ ibi tó kọjú sí mọ́. Ibẹ̀ ló ti wá yé e. Ilé kan ṣoṣo láyé tí kò ti nílò ojú, òun gan-an ló tà nítorí ojú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé omi dé, ibẹ̀ ló bá a, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ìyá," ló pè, "jọ̀ọ́, apá ibo ni ilẹ̀kùn wà?"

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, oòrùn sì ràn sí i lójú.